Ìdọ̀bálẹ̀ Bàbá Oyèníran

Bí àwòrán yẹn bá ti dé orí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́. Mo mọ̀ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn: bàbá arúgbó kan nà gbalaja sílẹ̀ níwájú kọmíṣánnà, kọmíṣánnà gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Irọ́ gbuu ni. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbọn eruku kúrò lára agbádá bàbá náà lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ni mo sì rán ọrùn agbádá ọ̀hún kó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sábẹ́ àwòrán, mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ilé náà kò dáa.

Saidat ni orúkọ mi. Aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé tí à ń gbé l'Àgùdà. Bàbá Oyèníran ń gbé lókè, lọ́dọ̀ Jídé ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ẹja dídì sọ̀ kalẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan n'Íjọra. Ìlú kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ẹ má bi mí ní ìpínlẹ̀ tí ìlú náà wà o. Ojú ń tì mí láti dárúkọ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ni Bàbá ti sin ìjọba ìpínlẹ̀ wa. Òun ló ń ṣí omi fún ìlú ní ìdájí, òun ló ń tì í. Bí wọ́n bá ń ṣe ìkómọ ní àdúgbò kan, wọ́n á ránṣẹ́ sí i, á sì jẹ́ kí omi pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wọn. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ṣe iṣẹ́ yẹn títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n gbé aago ògiri kan fún un, wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Bàbá délé, owó ò dé. Nígbà tó yá, aago náà kú. Nígbà tó tún yá, ìyàwó rẹ̀ kú, kò fi ojú kan owó náà. Ìgbà yẹn ni Jídé lọ mú un wá sí Èkó.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ̀rọ omi ta ló bà jẹ́ ní òpópónà wa tí kì í ṣe Bàbá ló ń tún un ṣe? Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fojú kékeré wò, ìkíni ni. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀miídé, tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá, gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí síbẹ̀, ó juwọ́ sí Bàbá bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Mo ti ń wá ibi tí màá ti fi okùn ìwọnṣọ mi nà án. Bàbá kò bínú. Ó pè é jókòó, ó sì kọ́ ọ. Ó ní bó bá dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kó má ṣe kánjú dìde, kó jẹ́ kí àgbà ní kó dìde. Ẹni tó bá ní kó dìde ti gbà á lọ́mọ nìyẹn, ìyà tó bá tún jẹ ẹ́ lẹ́yìn náà ti kan onítọ̀hún.

Ayọ̀miídé rẹ́rìn-ín, ó béèrè pé bí àgbà bá wá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé ńkọ́.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìkíni mọ́. Ẹjọ́ ni wọ́n gbé wá bá ọmọ náà. Bó bá ní ọpọlọ, kí òun náà tètè dojú bolẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú yín, a ó padà síbẹ̀.

Ojú Bàbá ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Tòsì ti lọ kó tó dé Èkó. Nígbà tó yá, ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láti etí wá sí àárín, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ti fèrèsé díẹ̀díẹ̀. Dókítà ojú tó rí i ní Yábàá kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, èyí tó kù nínú ojú náà kò ní lọ. Bí wọ́n bá sì fi falẹ̀, èyí tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, kò sí dókítà tó lè pè é padà. A dá owó jọ nínú ilé, kò tó nǹkan. Owó oṣù Jídé, oúnjẹ àti owó ilé ló ń gbé e mì. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba jẹ Bàbá yóò ṣe iṣẹ́ abẹ náà, yóò sì ṣẹ́kù. Kò tọrọ ọrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òógùn rẹ̀ ló ń béèrè, kó lè máa ríran.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìjọba wa ń ṣe fún un ní gbogbo àkókò yẹn? Ìyẹ̀wò ni wọ́n ń pè é sí. Wọ́n á ní kí gbogbo òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì wá sí olú-ìlú ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi ara hàn pé àwọn kò tíì kú. Bàbá á wọ ọkọ̀ láti Èkó, á lọ jókòó nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù á wo ojú rẹ̀, á ní ó dáa, Bàbá, ẹ máa lọ. Bó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á tún pè wọ́n. Èmi a máa bi Jídé pé ṣé òkú ló wọ ọkọ̀ lọ bá wọn nígbà àkọ́kọ́ ni. Mo rò pé wọ́n ń dúró kí ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà má wá ni, kí wọ́n lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé gbèsè ti dín kan.

Ibi tí a wà nìyẹn tí a fi gbọ́ pé àwọn gómìnà ti ké lọ sí Àbújá. Wọ́n ní àpò ìpínlẹ̀ àwọn ti gbẹ, pé owó tó ń wọlé kò ká ìnáwó àwọn mọ́. Ọmọ tí wọ́n bá fún lówó oúnjẹ lóṣooṣù, tó fi ra bàtà, tó tún wá ń sunkún ebi, bó bá jẹ́ tèmi ni, ìgbálẹ̀ ni màá fi dá a lóhùn. Ìjọba àpapọ̀ kò mú ìgbálẹ̀. Wọ́n gbé owó ìrànwọ́ fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n fi san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n jẹ. Lọ́jọ́ tí rédíò sọ ọ́, gbogbo ilé ń kí Bàbá kú oríire. Jídé ra ẹyẹlé wálé. Bàbá ní kí n bá òun lọ sọ fún dókítà pé kó wá ọjọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo lọ.

Owó náà dé ìpínlẹ̀ wa lóòótọ́. Ẹni tó bá dé láti ilé ń sọ ohun tó rí fún wa. Wọ́n ra jíìpù tuntun fún àwọn ìjòyè ìjọba. Wọ́n wá kọ́ orísun omi aláràbarà kan sí oríta ńlá ní olú-ìlú, tí omi ń tú jáde lẹ́nu ẹja onísìmẹ́ńtì, tí iná pupa àti àwọ̀ ewé ń tàn sí i lára. Ìlú tí ẹ̀rọ omi kò ti yọ ẹ̀kán kan láti ọjọ́ tí Bàbá ti fẹ̀yìntì! Ọkọ̀ agbépo tí wọ́n fọ̀ ni wọ́n fi ń gbé omi wá bu sínú ẹja yẹn. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó ní ta ni wọ́n gbà síṣẹ́ tó ń ṣí i.

Oṣù ń gorí oṣù. Ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa l'Ékòó bá yọjú sí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Abdullateef ni orúkọ rẹ̀, ó ń ta táìlì ilẹ̀ ilé nítòsí Costain, ikùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Bí olóṣèlú bá sín, ọkùnrin yìí á ti nu imú tirẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi tútù wa, ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Kọmíṣánnà ètò ìṣúná ń bọ̀ wá bá àwa ọmọ ìlú sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngán kan ní Sùúrùlérè. Àbújá fẹ́ mọ̀ bóyá owó ìrànwọ́ dé ọwọ́ àwọn tó yẹ kó dé, kí wọ́n tó fi ìdá kejì ránṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wá òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan tí ojú rẹ̀ ṣeé wò, tó máa bọ́ síwájú, tó máa dúpẹ́ pé òun ti rí gbà, kí wọ́n lè yà á ní àwòrán.

Bàbá ní òun kò tíì rí gbà. Abdullateef ní òun mọ̀, ìyẹn kọ́ ló ṣòro. Ó ní bí Bàbá bá ti lè dúpẹ́ báyìí, orúkọ rẹ̀ ló máa ṣíwájú, pé lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e ni owó á wọlé. Ó wá na ìka sókè bí ẹni tó ń wàásù: "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

Bàbá ní, "Abdullateef, oore àná lo wí. Èwo ni àná?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó ní kí Jídé bá Bàbá sọ̀rọ̀. Aláìnítìjú. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga wa, ó tún padà wá mú un.

Jídé bá Bàbá sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Mi ò dá a lẹ́bi, ojú bàbá rẹ̀ ló ń rò. Ó ní ẹnu lásán ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ní irọ́ tí ìjọba ń pa pọ̀ ju ti Bàbá lọ, kí ni ẹyọ kan máa ṣe? Èmi ní tèmi ní ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Jídé kọ ojú sí mi, ó béèrè bóyá èmi ni màá máa mú Bàbá lọ́wọ́ lọ ilé ìyàgbẹ́ bí ojú bá lọ tán. Bàbá ń gbọ́ gbogbo wa. Nígbà tó yá, ó ní òun á lọ. Ó gbé agbádá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá fún mi ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n bá òun rán ọrùn rẹ̀. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gún abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ bí ẹni ń gún ẹran. Mo rò pé wọ́n ti ra Bàbá.

Ẹ wá wo gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà. Wọ́n pín fìlà fún wa, wọ́n tẹ ojú gómìnà sí iwájú rẹ̀. Wọ́n to kúlà ìrẹsì sí ẹ̀yìn kí a lè máa gbóòórùn rẹ̀ jókòó dè wọ́n. Kọmíṣánnà pẹ́ títí àwọn ìyá àgbà fi ń tòògbé. Morákinyọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìlú wa ni, ẹgbẹ́ Jídé ni. Àdúgbò kan náà ni wọ́n bí wọn sí, omi tí wọ́n lò ní ìkómọ rẹ̀, Bàbá Oyèníran ló ṣí i. Nígbà tó wọlé, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gun orí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èèbó fún àwa tó jẹ́ ìyá àti bàbá rẹ̀. Ó ní ìpínlẹ̀ ti bọ́ nínú ìṣòro. Àwọn tó tẹ̀ lé e pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́, ebi ń pa wá.

Abdullateef wá pe Bàbá. Jídé mú un lọ́wọ́ gun orí pèpéle. Wọ́n na gbohùngbohùn sí i. Bàbá gbà á, ó tún dá a padà fún ẹni tó fún un. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í sápò. Ó ká apá agbádá. Mo rò pé ó fẹ́ gbàdúrà ni. Bàbá kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ilẹ̀, ó wá nà tán gbọnrangandan níwájú Morákinyọ̀, àyà rẹ̀ àti iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀ pèpéle.

Àwọn ìyá àgbà gbé ọwọ́ lérí. Ẹni tó ń bu ìrẹsì lẹ́yìn dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò fẹ́ parọ́. Gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́ ní ilẹ̀ wa mọ ohun tí à ń wò. Kí Morákinyọ̀ ṣáà ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kó bẹ̀ ẹ́, kó ní kó dìde, kó béèrè ohun tí ìjọba fi ṣe é, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà ṣe. Inú rẹ̀ dùn! Ó rò pé ọpẹ́ ni. Ó pe ayàwòrán kó sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé Bàbá lẹ́yìn bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ pa ajá lára, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ó ní "Ọlọ́run á bù kún yín, Bàbá." Ó tún ní kí ayàwòrán yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, torí fìlà rẹ̀ ti wọ́. Lẹ́yìn náà ló rékọjá lára Bàbá, tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí oúnjẹ tí wọ́n tò fún àwọn ọlọ́lá. Abdullateef rí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dájú, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó wo Bàbá nílẹ̀, ó wo kọmíṣánnà tó ń lọ, ó sì tẹ̀ lé ẹran.

Bàbá ṣì wà nílẹ̀. Èmi àti Jídé la sáré gòkè lọ gbé e. Jídé ń sunkún, ó ń sọ pé kí Bàbá dìde, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ní, "Ìwọ kọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún." A fi agbára gbé e dúró. Mo gbọn agbádá rẹ̀, mo sì rántí gbogbo ohun tí mo rò sí i nígbà tí mo ń rán ọrùn rẹ̀. Ojú tì mí. A kò jẹ ìrẹsì wọn.

Ọjọ́ Ajé dé, owó ò dé. Ọjọ́ Ajé mìíràn dé. Jídé pe Abdullateef títí, kò gbé fóònù mọ́. Àwòrán nìkan ló ń rìn káàkiri. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, rédíò sọ pé ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ tún fún ní owó ìrànwọ́. Ọjọ́ yẹn ni Abdullateef rí ohùn. Ó kọ ọ́ sí Wọ́tsáàpù ẹgbẹ́ pé kí a yọ̀, àwòrán wa ti ṣiṣẹ́ fún ìlú. Mo kúrò nínú ẹgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rò nípa ikùn rẹ̀ fún un.

Nílé, àwọn àgbà ìlú ti rí àwòrán ní tiwọn, wọn kò sì nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Màmá Lydia, ìyá tó bí Morákinyọ̀, ló ká lára jù. Obìnrin tó ń ta aṣọ òkè lọ́jà ni, èèyàn gidi. Wọ́n ní bó bá dé àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ó wọ ọkọ̀ wá sí Àgùdà fúnra rẹ̀, kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo mú un gòkè lọ bá Bàbá. Ọ̀sán ni, oòrùn kún inú yàrá, Bàbá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí.

Màmá Lydia kúnlẹ̀ kó tó dé iwájú rẹ̀. Ó na àpò owó kan sí i, ó ní èrè aṣọ òun ni, kì í ṣe owó ìjọba, kí Bàbá fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Bàbá kò na ọwọ́. Ó tún nà án sún mọ́ ọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Bàbá yí orí díẹ̀, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ojú náà ti lọ tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí òun fẹ́ bẹ́ mọ́. Mi ò sọ fún un lórí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó dárúkọ ara rẹ̀. Bí Bàbá ṣe gbọ́ ibi tí ohùn náà ti ń wá, ó mọ̀ pé orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Ó na ọwọ́ wá èjìká rẹ̀, ó ní, "Dìde, ìyá ọmọ. Dìde." Obìnrin náà kò tíì bẹ̀bẹ̀ tán tó ti sọ ọ́. Màmá Lydia bú sẹ́kún. Ó ní òun kọ́ Morákinyọ̀, kò gbà ni, kí Bàbá má ṣe jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn jà á. Àbíìkọ́ ni mo ti ń pe ọmọ yẹn láti ọjọ́ gbọ̀ngán. Mo yí i padà nínú mi lọ́jọ́ náà. Àkọ́ọ̀gbà ni.

Bàbá ní, "Mi ò ṣépè fún un. Omi tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ṣí i. Ṣùgbọ́n bá mi sọ fún un pé ibi tó fi mí sí ni mo ṣì wà. Kò tíì ní kí n dìde."

Màmá Lydia nu ojú. Ó yọ fóònù nínú báàgì, ó ní òun á pè é níbẹ̀ báyìí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí etí Bàbá. Ó dún títí. Ẹlòmíràn ló gbé e. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí: ó ní ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó, ọ̀gá wà ní Àbújá, wọ́n tún lọ tọrọ owó.